Omi Ni Títì Wa: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Gómìnà Ìpínlẹ̀ Ògùn lórí Àwọn Èbúté Wa Tó Ń Kú

Sí Ọlọ́lá Jùlọ,
Gómìnà Ìpínlẹ̀ Ògùn,
Òkè Mósàn, Abẹ́òkúta.

Ẹ̀dà rẹ̀ sí: àwọn aṣòfin wa ní Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìpínlẹ̀ Ògùn, alága ìjọba ìbílẹ̀ Ogun Waterside, Abígí, àti gbogbo àwọn Kábíyèsí wa létí omi.

Ọlọ́lá jùlọ,

Ẹnu àwọn àgbà ìsàlẹ̀ èbúté ni mo ti gbọ́ púpọ̀ nínú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí.

Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ ohun tó ń dùn mí. Ṣùgbọ́n mi ò ní í bò ó mọ́lẹ̀, torí ẹni tó bá ń bọ̀wọ̀ fún àgbà tọkàntọkàn kì í purọ́ fún un.

Ohun tó lé mi dé ìdí ìwé nìyí. Lọ́dún 2025, ìròyìn gba ìlú kan pé Alhaji Aliko Dangote ń padà bọ̀ ní Olokola, ní ààlà tiwa àti ti Oǹdó, láti wá kọ́ èbúté ọkọ̀ òkun kan tí wọ́n ní kò ní í sí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Nàìjíríà. Inú mi dùn. Mo pe àbúrò mi ní Èkó, mo ní, "Ó ti tó àsìkò." Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni mo lọ sílé, tí mo sọ̀kalẹ̀ lọ sí etí omi ní Mákùn-Omi, níbi tí ìyá ìyá mi ti ta ẹja títí ọjọ́ ogbó rẹ̀. Pátákó èbúté ti já dànù. Òpó díẹ̀ tó kù dúró sínú omi bí eyín tó ṣẹ́kù lẹ́nu arúgbó. Ìsọ̀ tí wọ́n ti ń to apẹ̀rẹ̀ ẹja ti di ibi tí ewúrẹ́ ń sùn. Ọkọ̀ mẹ́ta péré ni mo kà tí wọ́n so mọ́lẹ̀. Ọmọkùnrin kan jókòó, ó ń tún àwọ̀n ṣe. Mo kí i, ó jẹ́ mi, ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó wá bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ̀yin náà wá ra ilẹ̀ ni?"

Ìbéèrè ọmọ yẹn ni kò jẹ́ kí n sùn lóru ọjọ́ náà. Kò bi mí bóyá ẹja ni mo fẹ́ rà, kò bi mí bóyá ọkọ̀ ni mo fẹ́ wọ̀. Lójú tirẹ̀, ẹni tó bá wọ bàtà wá sí etí omi wa nísinsìnyí, ilẹ̀ ló wá rà. Nínú gbogbo ohun tí mo sì ti gbọ́ àti èyí tí mo ti kà lórí èbúté ńlá tó ń bọ̀, mi ò tíì rí ẹni kan tó dárúkọ àwọn èbúté kéékèèké tó ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí bàbá mi.

OHUN TÍ OMI YÌÍ JẸ́ FÚN WA

Ẹ mọ ìtàn yìí, Ọlọ́lá. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń bá yín ya àwòrán ètò lè má mọ̀ ọ́n, àwọn ni mo sì fẹ́ kí ẹ kà á sí létí.

Ọ̀sà tó wà níwájú wa ni ìwé ń pè ní Lekki Lagoon. Inú rẹ̀ ni odò Ọ̀ṣun àti odò Ọ̀nì ń ṣàn wọ̀. Lápá ìwọ̀-oòrùn, omi náà gbé ọkọ̀ dé Ẹ̀pẹ́, dé Ejìnrìn, títí dé Èkó. Lápá ìlà-oòrùn, ó gba ojú omi tóóró kọjá lọ sí ilẹ̀ Ìlàjẹ, títí dé ọ̀dọ̀ àwọn Itsekiri. Kí ìjọba kankan tó la títì ní apá ibí yìí, títì ti wà níbẹ̀: omi ni.

Ní 1820, àwọn ìgárá ojú omi mú ọmọ Ìjẹ̀bú kan tó ń jẹ́ Òṣífẹ́kúndé lójú ọ̀nà omi yìí níbi tó ti ń lọ ṣòwò. Wọ́n tà á, ó bá ara rẹ̀ ní Bràsílì, ó sì lo nǹkan bí ogún ọdún lóko ẹrú. Ìgbà tí ọ̀gá rẹ̀ mú un dé Paris ni onímọ̀ kan tó ń jẹ́ d'Avezac jókòó tì í, tó ń bi í léèrè nípa ilé, tó sì ń kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀. Ní 1845 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde. Lẹ́yìn gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, ọkùnrin náà ṣì lè ṣàlàyé ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, ọba rẹ̀, ọjà rẹ̀ àti omi rẹ̀. Ọlọ́lá, bí ẹni tí wọ́n jí gbé lórí omi yìí kò bá gbàgbé rẹ̀ ní Paris, kò yẹ kí a gbàgbé rẹ̀ ní Abẹ́òkúta.

Orí omi yìí náà ni agbára Ìjẹ̀bú wà. Ẹrù tó ń ti òkè bọ̀ kì í rọrùn láti dé Èkó, ẹrù Èkó náà kì í rọrùn láti dé òkè, bí kò bá gba ọwọ́ àwọn oníṣòwò wa kọjá. Ejìnrìn sì ni olórí ọjà létí ọ̀sà. Nígbà tí Gómìnà Carter ti Èkó pinnu láti já agbára náà, omi kan náà ló kó ọmọ ogun gbà. Wọ́n gúnlẹ̀ sí Ẹ̀pẹ́, wọ́n sì bá Ìjẹ̀bú jà ní Ìmàgbọ̀n ní oṣù Karùn-ún 1892. Òyìnbó mọ ohun tí ọ̀nà yìí tó, ló fi jagun nítorí rẹ̀.

Mákùn-Omi tí mo ń sọ yìí, òun ni àwọn Mákùn tó wà ní Ṣàgámù ń tọ́ka sí gẹ́gẹ́ bí orírun wọn. Ẹ ò rí i pé ibi tí ìlú ńlá ti ṣẹ̀ wá kì í ṣe ibi tó yẹ kí a máa wò bí ẹ̀yìnkùlé.

Ìyá ìyá mi máa ń sọ fún wa pé nígbà tí òun wà lọ́dọ̀ọ́, alẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ ọjà ni ìsàlẹ̀ èbúté ti ń kún. Àwọn Ìlàjẹ á ti gbé edé àti ẹja yíyan dé. Àwọn alájàpá á ti Ìjẹ̀bú-Igbó àti Àgọ́-Ìwòyè kó gàrí, obì àti epo wá. Ẹni tó bá fẹ́ ra ọ̀bọ̀kún tútù á ti dúró de ọkọ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Àwọn onígẹdú á so igi ńláńlá tí wọ́n gé nínú igbó pọ̀ bí ẹní, omi á máa gbé e lọ díẹ̀díẹ̀ títí dé Òkò Bàbà ní Ẹ̀bútẹ́-Mẹ́ta. Orí gẹdú náà ni wọ́n ti ń dáná, orí rẹ̀ ni wọ́n ń sùn sí, torí ìrìn náà kì í ṣe ti ọjọ́ kan. Bí wọ́n bá ń kọjá lóru, ìyá wa ní iná wọn ni àwọn ọmọdé fi ń mọ̀ pé ayé ṣì ń lọ.

Ọ̀rọ̀ kan ni ìyá náà máa ń tẹnu mọ́. Bí ọkọ̀ wa bá ti kanlẹ̀, tí àwa ọmọdé bá fẹ́ bẹ́ sílẹ̀ lọ wo ọjà, á ké mọ́ wa pé, "Ẹ so ọkọ̀ ná kí ẹ tó kí ọjà!" Ó mọ̀ pé ẹni tó bá lọ kí ọjà láìso ọkọ̀, ìgbà tó bá padà dé kò ní í bá nǹkan tó máa gbé e délé.

BÍ Ó ṢE DI AHORO

Ogun kọ́ ló tú wa ká. Díẹ̀díẹ̀ ló bọ́.

Ààlà ló kọ́kọ́ gé omi náà. Ní ọjọ́ 27, oṣù Karùn-ún, 1967, wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀, Ẹ̀pẹ́ àti Ejìnrìn tí wọ́n ti bá wa wà ní Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn sì bọ́ sọ́dọ̀ Èkó. Nígbà tó di oṣù Kejì 1976, wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ògùn àti Oǹdó sílẹ̀. Ọ̀nà omi tí ọkọ̀ kan ń tọ̀ láti òwúrọ̀ di ti ìpínlẹ̀ mẹ́ta, kò sì sí èyí tó gbà pé òun ló ni í nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Lẹ́yìn náà ni títì ńlá dé. Òpópónà láti Ṣàgámù lọ sí Bìní gba òkè kọjá, lọ́rí gba ẹrù lọ́wọ́ ọkọ̀ ojú omi. Mi ò bínú sí títì. Ẹni tó bá ní títì kò ṣe ìlú lóore, ó purọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí títì dé sí òkè, ẹnì kankan kò ronú pé ó yẹ kí ọ̀nà kan tó nílàárí sọ̀kalẹ̀ wá pàdé omi. Ìlú tí ojú rẹ̀ kọ sí ọ̀sà wá di ìlú tí wọ́n ń gba ẹ̀yìn wọ̀.

Ní nǹkan bí 1984, ewéko olódòdó àlùkò kan gba apá Badagry wọlé sórí omi wa. Òdòdó rẹ̀ dára lójú, ṣùgbọ́n bí ó bá ti tẹ́ ara rẹ̀, kò sí ọkọ̀ tó lè kọjá. Ó ń dì mọ́ ẹ́ńjìnnì, ó ń ya àwọ̀n, ó ń pa ẹja. Àwọn àgbà wa mọ ojúoró, wọ́n mọ òṣíbàtà, wọ́n mọ bí a ṣe ń bá wọn gbé. Èyí kì í ṣe ẹgbẹ́ wọn.

ÀWỌN OHUN TÓ Ń DÙN WÁ

Ọlọ́lá, ẹ jẹ́ kí n tò wọ́n lẹ́sẹẹsẹ.

1. Ìjọba kò ka omi sí ọ̀nà. Bí títì bá bàjẹ́, wọ́n á rán kọmíṣánnà wá wò ó, wọ́n á kéde iye kìlómítà tí wọ́n fẹ́ tún ṣe. Bí ewéko bá dí ojú omi fún oṣù mẹ́ta, ta ni a máa ké pè? Mo mọ̀ pé ní oṣù Kìíní 2024, Ilé Ẹjọ́ tó ga jùlọ ní ilẹ̀ yìí dájọ́ pé àjọ ìjọba àpapọ̀, NIWA, ló ní àṣẹ lórí àwọn ọ̀nà omi abẹ́lé. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má fi ìdájọ́ yẹn ṣe ìdáhùn fún wa. Lórí omi kan náà, Ìpínlẹ̀ Èkó dá àjọ ọ̀nà omi tirẹ̀, LASWA, sílẹ̀ ní 2008, wọ́n sì ń kọ́ èbúté tó bójú mu. Àtukọ̀ tó bá ti Ẹ̀pẹ́ bọ̀ lọ́dọ̀ wa mọ ibi tí Èkó parí sí láìka àmì kankan. Ojú rẹ̀ ló fi ń rí i.

2. Ilé iṣẹ́ bébà Ìwópìn. Ìjọba àpapọ̀ yan ibi mẹ́ta tí Nàìjíríà á ti máa ṣe bébà: Jebba, Oku-Iboku àti Ìwópìn. Wọ́n yan Ìwópìn nítorí omi wà níbẹ̀, igi sì wà nítòsí. Wọ́n gbin igi Gmelina lọ rẹrẹ sínú igbó Omo pé òun ni wọ́n máa lọ̀ di bébà. Àwọn bàbá wa yọ̀ǹda ilẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ ìgbà náà ta àwọ̀n wọn, wọ́n lọ kọ́ iṣẹ́ wẹ́dà àti iṣẹ́ iná, torí wọ́n ti gbọ́ pé ilé iṣẹ́ ń bọ̀. Iṣẹ́ dúró kí ó tó parí. Àwọn irin tí wọ́n kó wá di ìpẹtà, Gmelina di pákó lọ́jà. Títí dòní, bébà tí ọmọ Ìwópìn fi ń kọ iṣẹ́ ilé rẹ̀, òkè òkun ni wọ́n ti ń kó o wá.

3. Olokola tàkọ́kọ́. Ó lé ní ogún ọdún tí a ti ń gbọ́ orúkọ yìí. Ògùn àti Oǹdó jọ dọwọ́ pọ̀ pé àwọn fẹ́ ṣe ọgbà òwò ọ̀fẹ́ síbẹ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ epo àgbáyé ní àwọn máa kọ́ ilé iṣẹ́ gáàsì. Lọ́kọ̀ọ̀kan ni wọ́n yọ lọ. Dangote fúnra rẹ̀ fẹ́ kọ́ ilé ìfọpo rẹ̀ síbẹ̀, àárín òun àti ìjọba ìgbà náà kò gún, ó gbé e lọ sí Lẹ́kí. Ilé ìfọpo náà, èyí tí wọ́n kọ́ láti máa fọ 650,000 àgbá lójúmọ́, ti ń ṣiṣẹ́ ní ọ̀dọ̀ ẹlòmíì báyìí. Àwọn ọmọ wa ń wọ bọ́ọ̀sì lọ wá iṣẹ́ níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti fi ohun ńlá dá wa dúró, ẹ̀ẹ̀mejì náà ni wọ́n ti fi wá sílẹ̀ pẹ̀lú èbúté tó já.

4. Ẹ̀mí èèyàn. Mo rántí obìnrin kan ládùúgbò wa tó rọbí lóru nígbà tí mo wà ní ọmọdé. Ọkọ̀ alájẹ̀ ni wọ́n gbé e sí. Àwọn ọkùnrin méjì ń tukọ̀, ìyá ìyá mi gbé àtùpà dání níwájú. A dúró sí etí omi títí a kò fi rí iná àtùpà náà mọ́. Obìnrin náà yè, ọmọ rẹ̀ kò yè. Èmi tí mo jẹ́ ọmọdé nígbà yẹn ti di bàbá ọmọ báyìí, síbẹ̀ mo mọ àwọn abúlé létí omi wa tí obìnrin á ṣì gba irú ọ̀nà yẹn bí ó bá rọbí lóru òní. Àwọn tó ń wọ ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì náà ń wọ̀ ọ́ láìsí aṣọ ìgbàlà lọ́rùn, láìsí àmì tó máa fi ibi tí kùkùté wà nínú omi hàn.

5. Oúnjẹ etí omi. A kì í gbé etí odò ká máa fi itọ́ bọ́jú. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi lọ sí ọjà wa lónìí, ẹja inú yìnyín tí wọ́n kó láti òkè òkun lẹ máa bá lórí tábìlì. Kì í ṣe pé ẹja tán pátápátá nínú ọ̀sà. Kò sí ibi tí wọ́n lè fi pamọ́ sí, kò sí iná tó máa mú un dì, ọ̀nà tí wọn ì bá fi gbé e dé Ìjẹ̀bú-Igbó kí ó tó rà kò ṣeé gbà. Apẹja a mú ẹja, oníbárà a wà, èbúté tó yẹ kó so wọ́n pọ̀ ni kò sí.

6. Ilẹ̀. Láti ìgbà tí ìròyìn èbúté ńlá ti jáde, àwọn tí a kò mọ̀ rí ti ń wá pẹ̀lú ìwé àti owó. Baálé tí kò mọ̀wé ń tẹ̀ka. Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni, torí mi ò ní ìwé kankan lọ́wọ́. Ohun tí mo ní ni ìbéèrè ọmọkùnrin tó ń tún àwọ̀n ṣe.

OHUN TÍ A Ń BẸ̀BẸ̀ FÚN

Ọlọ́lá, a kò ní kí ẹ lé èbúté ńlá padà. Ẹni tí ebi ń pa kì í lé alásè. Ohun tí a ń sọ ni pé kí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tó ti wà. Ẹ jọ̀ọ́:

1. Ẹ tún èbúté Mákùn-Omi, Ìwópìn àti Òde-Omi kọ́ kí wọ́n tó ri òpó àkọ́kọ́ sílẹ̀ ní Olokola. A kò béèrè ààfin. Ibi ìgúnlẹ̀ oníkọ́ńkéré tó lágbára, òrùlé tí òjò kò ní í pa ọlọ́jà lábẹ́ rẹ̀, iná sólà, ilé ìgbọ̀nsẹ̀, omi mímu, àti yàrá yìnyín kan fún àwọn ẹlẹ́ja. Owó tí wọ́n ń ná sórí kìlómítà títì díẹ̀ lè ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀.

2. Ẹ bá NIWA, Ìpínlẹ̀ Èkó àti Ìpínlẹ̀ Oǹdó jókòó. Kí ẹ fẹnu kò lórí ẹni tó máa kó ewéko, iye ìgbà tó máa kó o lọ́dún, àti ẹni tó máa fi àmì sí ojú ọ̀nà omi. Bí ọkọ̀ èrò bá ń lọ láti Mákùn-Omi dé Ẹ̀pẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n dá, ní owó tí mẹ̀kúnnù lè san, ọjà máa padà fúnra rẹ̀. Ọlọ́jà kì í dúró de ìwé àṣẹ kí ó tó lọ síbi tí èrè wà.

3. Ẹ ṣe àtúnṣe àwọn ọ̀nà tó wọ Ìbíadé, Abígí, Ìwópìn àti Mákùn-Omi, kí ọ̀nà ilẹ̀ àti ọ̀nà omi lè pàdé. Àgbẹ̀ Àgọ́-Ìwòyè àti apẹja Mákùn-Omi ti ń jẹun pọ̀ kí a tó bí wa. Ẹ tún wọn so pọ̀.

4. Ẹ dáàbò bo ilẹ̀. Kí ìjọba kéde ní gbangba ilẹ̀ tó fẹ́ gbà fún èbúté ńlá, bí ó ṣe fẹ̀ tó, àti ìdílé tó ni í. Kí wọ́n ka ìwé náà sókè ní Yorùbá àti ní èdè àwọn Ìlàjẹ àti Ìjọ tó ń bá wa gbé, kí ẹnikẹ́ni tó tẹ̀ka. Kí owó gbà-má-bínú dé ọwọ́ kí katakata tó dé oko. Ẹni tó bá sì ń fi ẹja pípa jẹun, omi ni oko rẹ̀: kí wọ́n ka òun náà mọ́ àwọn tí wọ́n máa san owó fún.

5. Ẹ sọ òótọ́ Ìwópìn fún wa. Ta ni ó ni ilé iṣẹ́ bébà náà lónìí, kí ni ó fẹ́ fi ṣe, ìgbà wo? Bí kò bá lè ṣiṣẹ́ mọ́, kí ìjọba wá bí ilẹ̀ náà ṣe máa wúlò fún iṣẹ́ mìíràn, kí a yé kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí ẹni tó ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkú tí wọn kò sin.

6. Ẹ kọ́ àwọn ọmọ wa ní iṣẹ́ èbúté báyìí, kì í ṣe lọ́la: wíwa ọkọ̀ òkun, iṣẹ́ wẹ́dà, iṣẹ́ krénì, ìṣirò ẹrù. Bí èbúté ńlá bá dé, kí ó má jẹ́ pé iṣẹ́ ọlọ́dẹ nìkan ni wọ́n máa ní ó kù fún ọmọ onílẹ̀.

7. Ẹ gba ìtàn wa sílẹ̀. Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ wà ní Àgọ́-Ìwòyè, kò jìnnà. Kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn gbé ẹ̀rọ wá bá àwọn àgbà tó ṣẹ́kù, àwọn tó tu gẹdú dé Òkò Bàbà, àwọn ìyá tó ná ọjà alẹ́. Bí wọ́n bá kú, a ò tún ní rí ẹlòmíì bi.

Ọ̀RỌ̀ ÌKÌLỌ̀, PẸ̀LÚ Ọ̀WỌ̀

Ọlọ́lá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí èyí tí mo fẹ́ sọ yìí. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

A ti rí bí ọ̀rọ̀ etí omi ṣe máa ń parí ní ilẹ̀ yìí. Ní oṣù Keje 1990, wọ́n wó Màrókò ní Èkó. Nǹkan bí 300,000 èèyàn ni wọ́n ní ó pàdánù ilé. Lónìí, ilé olówó ló wà níbẹ̀, àwọn ọmọ Màrókò sì tú ká bí ewé tó já sójú omi. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé àwa létí ọ̀sà kò gbọ́. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá dárúkọ ìdàgbàsókè létí wa, orúkọ yẹn ló ń sọ sí wa lọ́kàn.

Kò jìnnà sí wa, ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, Ayétòrò wà. Àwọn onígbàgbọ́ ló tẹ̀ ẹ́ dó ní 1947, wọ́n fi ọwọ́ ara wọn sọ ọ́ di ìlú tí àwọn èèyàn ń ti ọ̀nà jíjìn wá wò. Òkun ti jẹ ilé, ó ti jẹ ṣọ́ọ̀ṣì, ó ti jẹ itẹ́ òkú. Àwọn ará Ayétòrò kígbe títí ohùn wọn fi há. Òde-Omi tiwa náà kọjú sí òkun kan náà. Bí wọ́n bá fẹ́ gbẹ́ òkun kí ọkọ̀ ńlá lè wọlé, omi tí wọ́n bá tì níhìn-ín, ibòmíì ni yóò gbà. Ẹ jẹ́ kí àwọn onímọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sì wá sọ èsì rẹ̀ fún wa lójúkojú.

Ọ̀dọ́ tó bá wo iwájú tí kò rí nǹkan, tó wo ẹ̀yìn tí wọ́n ti gba ilẹ̀ bàbá rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kò ní í dilẹ̀. Orí omi tí wọ́n ti mú Òṣífẹ́kúndé ní 1820, ó ní ibi ìsápamọ́ púpọ̀ títí dòní. Mi ò fẹ́ rí i kí àbúrò mi di irú ìgárá bẹ́ẹ̀. Òwò ló ń pa ìgárá run lórí omi. Bí ọkọ̀ ọlọ́jà bá ń lọ tó ń bọ̀, tí iná wà ní èbúté, ta ló máa ráyè sápamọ́?

Ẹ tún jẹ́ kí n rán àwọn aṣòfin wa létí. Lọ́dún ìdìbò, ẹ máa ń wọ ọkọ̀ wá bá wa. Ẹ máa ń wọ aṣọ ìgbàlà, ẹ máa ń di pátákó ọkọ̀ mú ṣinṣin, ẹ sì máa ń sọ pé ojú yín ti rí i. Ìwé ìdìbò etí omi kò pọ̀ bí ti Ọ̀tà tàbí ti Ìjẹ̀bú-Òde, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n a ti ń kà wọ́n báyìí, a sì ti ń ka ìlérí mọ́ wọn.

Ọlọ́lá, ìpè ni mo fi parí ọ̀rọ̀ mi. Ẹ wá. Ẹ má gba ojú ọ̀run wá, ẹ má sì dúró sí Abígí kí wọ́n máa fi àwòrán hàn yín. Ẹ wọ ọkọ̀ ní Ẹ̀pẹ́, kí ẹ gba ojú omi wá sí Mákùn-Omi. Ẹ máa rí ibi tí ewéko ti máa dá yín dúró. Ẹ máa rí ibi tí iná èbúté Èkó parí sí. Bí ẹ bá gúnlẹ̀, ọmọkùnrin tó ń tún àwọ̀n ṣe á wà níbẹ̀. Èmi náà á wà níbẹ̀ láti di okùn ọkọ̀ yín mú. Bí ó bá bi yín bóyá ilẹ̀ ni ẹ wá rà, ẹ dá a lóhùn fúnra yín.

Ìyá ìyá mi ti lọ. Èbúté tó fi tọ́ wa náà ti fẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n bí ó bá wà láyé tó sì gbọ́ pé ọkọ̀ tó tóbi jù ní Nàìjíríà fẹ́ gúnlẹ̀ sọ́dọ̀ wa, mo mọ ohun tí á sọ fún gbogbo wa, fún yín lókè àti fún àwa tí a wà nísàlẹ̀. Á ní kí a kọ́kọ́ so èyí tó wà nílẹ̀.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ẹ fi àlàáfíà lo sáà yín, kí omi sì jẹ́ ẹlẹ́rìí rere fún yín.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èbúté,
Mákùn-Omi, Ogun Waterside.